Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé omi: bí a ṣe ń dá ọgbà oúnjẹ sílẹ̀ yí ilé ká ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Púlọ́ọ̀tì kan ní agbègbè wa, láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ́ sórí rẹ̀ kì í gbà ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ. Ìdajì tó kù la máa ń da kọnkéré bò tàbí kí á tẹ́ íntálọ́ọ̀kì sí, torí a ò fẹ́ ẹrẹ̀, a ò sì fẹ́ ejò. Tó bá wá di ọjọ́ ọjà, àá gbé báàgì, àá lọ fowó ra tẹ̀tẹ̀, ata rodo àti ẹ̀fínrín tí ẹ̀yìnkùlé wa ì bá ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi náà tẹ́ íntálọ́ọ̀kì yí ilé mi ká ní Òde-Rẹ́mọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, omi tó ń ti orí páànù bọ̀ kò ríbi wọlẹ̀ mọ́. Ńṣe ló ń sáré gba abẹ́ géètì jáde, ó sì gbẹ́ kòtò sí ìdí ògiri aládùúgbò mi. Ọjọ́ tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ ni mo kọ́kọ́ dúró nínú òjò láti wo ibi tí omi ń gbà. Mo ní kí wọ́n hú ìdá méjì nínú mẹ́ta íntálọ́ọ̀kì náà kúrò. Ibẹ̀ gan-an la ti ń jẹun báyìí. Nítorí náà, ohun tí màá sọ fún ẹni tó bá bi mí pé ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀ ni pé: ẹ má tíì ra irúgbìn kankan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé omi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo òjò mẹ́ta

Òjò tiwa kì í ṣe kékeré. Àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta, òjò á wá le jù lóṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí ọdún Agẹmọ bá ń sún mọ́. Á sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á sì gbà á lóṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọyẹ́ á sì máa fẹ́ wá láti òkè Ọya. Gbogbo ètò ọgbà yín dá lórí bí ẹ ṣe máa mú nínú ọ̀pọ̀ òjò yẹn sílẹ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀ yìí.

Tí òjò bá ń rọ̀ gidi, ẹ mú agboòrùn, ẹ jáde sí ìta. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wọ inú ọgbà, ibi tó ń gbà, àti ibi tó ń dúró sí. Ẹ fi igi tín-ínrín gún ilẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ má bàa gbàgbé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òjò mẹ́ta, torí òjò kan ṣoṣo lè tanni jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pọn omi kún un. Bí omi náà bá gbẹ kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ ń mumi dáadáa, ata àti ewébẹ̀ á ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má bá ibẹ̀ jà. Ẹ fi sílẹ̀ fún kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ wo oòrùn pẹ̀lú. Ewébẹ̀ ń fẹ́ oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ibi tí òjìji ògiri bo láàárọ̀ lè ní oòrùn lọ́sàn-án, kò burú. Ibi tí kì í rí oòrùn rárá náà ní ohun tó ń hù níbẹ̀, màá dé orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: orí páànù ni oko yín ti bẹ̀rẹ̀

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá.

Bí òjò tó ga ní mìlímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó bo ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú òrùlé yín. Ká ní ó jẹ́ mítà 12 ní gígùn àti mítà 5 ní ìbú, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nílẹ̀: irú ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ 60 nìyẹn. Òjò mìlímítà 10, tí kì í ṣe òjò ńlá rárá ní Rẹ́mọ, á da lítà 600 sórí ẹ̀gbẹ́ náà. Díẹ̀ á ta dànù, díẹ̀ á gbẹ lórí páànù, ṣùgbọ́n ẹ ó rí tó lítà 480 gbà. Ìyẹn ju dúróòmù méjì lọ, láti inú òjò alẹ́ kan, láti ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan. Omi yìí kan náà ló ń gbẹ́ ìdí ògiri fún wa lọ́dọọdún.

Àwọn tó kọ́ agbo ilé àtijọ́ mọ ìdí abájọ. Òrùlé wọn dojú kọ àgbàlá, ìkòkò ńlá sì wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Àwa la fi bọ́ọ̀hò gbàgbé.

Ẹ ní kí káfíńtà kan gọ́tà sí etí òrùlé. Kó jẹ́ kó rọra dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sísàlẹ̀ fún mítà méjì-méjì, kí omi má bàa dúró nínú rẹ̀. Láti ẹnu gọ́tà, páìpù á sọ̀kalẹ̀ sínú táǹkì tàbí dúróòmù. Ẹ jẹ́ kí páìpù náà ṣeé yọ lẹ́nu táǹkì, torí òjò àkọ́rọ̀ ń fọ eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé jíjẹrà kúrò lórí páànù. Òjò kìíní tàbí ìkejì ọdún, ẹ jẹ́ kó dà sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣàn lọ kí ẹ tó gbà á. Ọgbà ni mò ń sọ omi yìí fún. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é. Bí òrùlé yín bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má mu ún rárá.

Táǹkì lítà 1,000 tó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó 1,000 kílò. Ẹ má gbé e sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù tí a kàn tò lásán. Kí bíríkìlà mọ pèpéle kọnkéré fún un, kó ga tó orúnkún, kí kẹ́tùlù tàbí garawa lè wọ abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ lu ihò sí òkè rẹ̀ níbi tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ á gbà, kí páìpù ibẹ̀ sì lọ sínú kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu tó ṣí. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò, nítorí náà ìho kékeré lára nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan tí à ń fi dọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sábà máa ń pupa, iyanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti ro, ṣùgbọ́n omi àti ọ̀rá ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣàn jáde nínú rẹ̀. Ibi tí àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì tún burú jù. Ẹ wá ibẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì kó gbogbo pàǹtí ibẹ̀ dànù, ẹ wá ilẹ̀ dúdú dípò rẹ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè pẹrẹsẹ tí a ń gbin nǹkan sí, tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè jẹ́ mítà mẹ́rin. Ẹ gbé e ga tó ìka ọwọ́ kan, kí òjò oṣù kẹfà má bàa rì í. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ fún ọ̀nà láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, kí bárò lè kọjá. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dábùú bẹ́ẹ̀dì náà sí ọ̀nà omi, kó lè dá omi dúró. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ń dà sí, ilẹ̀ yín á bá omi lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lọ. Mo ti rí ẹni tó ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan náà lóṣù kẹrin, tí koríko sì ti bò ó mọ́lẹ̀ kí oṣù keje tó pé. Ó sú u, ó sì pe àwọn oníkọnkéré padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bu ọlá fún ààtàn

Ẹ rántí ibi tí elégédé àti tòmátì ti máa ń hù fúnra wọn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ààtàn ni. Ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin wọ́n, síbẹ̀ èso wọn ju ti oko lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé èèpo iṣu, eérú, ewé tí a gbá àti ìgbẹ́ adìẹ ti jẹrà pọ̀ di ilẹ̀dú. Lónìí, a ń kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú náílọ̀n, a ń sanwó fún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, a wá tún ń sanwó fún ajílẹ̀ inú àpò.

Ẹ yan igun kan tó ní ibòòji díẹ̀, tó sì jìnnà sí kànga. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí igi ṣe ọgbà kékeré tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ẹ fi ẹ̀ka igi wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kó o lélẹ̀ ní ìpele-ìpele: ewé gbígbẹ àti koríko gbígbẹ bí agbọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, èèpo ilé ìdáná àti koríko tútù bí agbọ̀n kan, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀, eérú díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí á fi ga tó ìbàdí èèyàn. Ẹ wọ́n omi sí i. Bí ẹ bá fọwọ́ fún un, kó tutù, ṣùgbọ́n kí omi má kán.

Lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ ki igi gígùn kan wọ àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí ẹ fà á yọ. Bí igi náà bá gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, iṣẹ́ ti ń lọ. Bó bá tutù tó sì gbẹ, ó ń fẹ́ omi. Bó bá ń rùn, omi tàbí èèpo tútù ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nínú ooru tiwa, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ ó rí nǹkan dúdú tó ń ta òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Garawa méjì sí mítà kan bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń lò kí n tó gbìn.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀: ẹran, ẹja, epo, ìgbẹ́ ajá àti ológbò, eérú pákó tí a kùn lọ́dà, náílọ̀n, bátìrì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò sì gbọ́dọ̀ kan ìdí ewébẹ̀ tààrà, torí ó máa jó o.

Ní ti ẹni tó ń ṣe gàrí nílé, mo mọ̀ pé irú wọn pọ̀ nínú àwọn tó máa kà á. Èèpo ẹ̀gẹ́ dára fún ààtàn bí ẹ bá ṣá a wẹ́wẹ́ tí ẹ sì pò ó mọ́ ewé gbígbẹ. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ nígbà tí a bá fún un, oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ó sì kan gan-an. Ẹ má dà á sí ìdí ewébẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sí kànga, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún. Bí ẹ bá fẹ́ fún ewúrẹ́ ní èèpo, ẹ sá a kó gbẹ kanran ná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ẹ ó gbìn, àti ìgbà tí ẹ ó gbìn ín

Ẹ kọ́kọ́ gbin ohun tí ẹ̀ ń jẹ lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ilé tí kì í jẹ kárọ́ọ̀tì kò ní ìdí láti fi kárọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ ló yá jù. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má bàa dì jọ lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè máa já a. Ẹ má fa á tu. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sí ilẹ̀, á sì tún yọ. Bákan náà ni ṣọkọ.

Ewédú máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí èèpo irúgbìn rẹ̀ le, díẹ̀ ló máa ń hù. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Ẹ yára mú un jáde sínú omi tútù. Ẹ sá a kó gbẹ lára, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní fọ́n ewédú lásán mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló ti ṣeé já.

Ilá: ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ gbin wóró méjì-méjì, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Ní nǹkan bí oṣù méjì, á ti so. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa ká a, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ se é, torí ilá tó bá gbó lórí igi ń sọ fún igi náà pé iṣẹ́ ti parí.

Ata rodo kò ṣeé gbìn sójú ibi tó máa dàgbà sí. Ẹ fọ́n ọn sínú ike ọ̀dà tí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ láàárín oṣù kejì, ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà tí àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ lọ́ ọ sí bẹ́ẹ̀dì nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn. Igi ata kan tí ẹ bá ń tọ́jú lè so ju ọdún kan lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà lọ́gbà mi, igi ata mẹ́fà ló ń dá owó padà fún mi jù.

Tòmátì ni mo fi jìyà. Ọdún kìíní, mo gbìn ín kí òjò oṣù kẹfà lè máa bomi rin ín fún mi. Gbogbo rẹ̀ ló rà, ewé rẹ̀ dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, n kò ká ẹyọ kan. Tòmátì kò fẹ́ kí ewé rẹ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà. Ní ìhà tiwa, ẹ fọ́n ọn sínú ike lóṣù keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ẹ lọ́ ọ lóṣù kẹsàn-án, kó lè so nígbà tí òjò bá ti ń lọ. Ẹ fi igi gbé e dúró, ẹ tẹ́ koríko sí ìdí rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa ta sára ewé.

Ewúro àti gbúre kò nílò irúgbìn. Ẹ gé igi ewúro tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rì í mọ́ ìdí fẹ́ǹsì ní ìdúbúlẹ̀ díẹ̀. Gbúre, ẹ ṣáà ti ki ìtì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀fínrín ẹ gbìn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, koríko ọba sí etí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ á ti máa di ilẹ̀ mú.

Ewùrà? Ẹni tó bá fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ kò gbọdọ̀ bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ẹ kọ ebè mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì lóṣù kẹrin, ẹ gbin ẹ̀bù, ẹ jẹ́ kó gun fẹ́ǹsì. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá pọ́n tó sì gbẹ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ wà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ àti abẹ́ igi obì

Ìyá ìyá mi kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní àbójútó àyíká, ṣùgbọ́n gbogbo omi tí a fi wẹ̀ nílé wọn, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ yẹn kò sì mọ̀ pé ọ̀gbẹlẹ̀ wà.

Ẹ wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré kì í lágbára. Ẹ fi ọ̀bẹ họ gbogbo gbòǹgbò àti ojú dúdú kúrò lára ìdí rẹ̀ títí á fi funfun. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, gbà wá níyànjú pé kí á ri ìdí tí a họ náà bọ inú omi híhó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ó ń pa àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ gbòǹgbò, kò sì ní pa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kòtò rẹ̀ kó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ da ilẹ̀dú ààtàn sí i. Mítà mẹ́ta sí ìlà kejì, mítà méjì láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Á so láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Ní ìdí kan, ẹ fi ìyá kan sílẹ̀, ọmọ kan, ọmọ-ọmọ kan. Ẹ gé ìyókù.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ dára fún un, bí ọṣẹ inú rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe dúró bí adágún. Ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́. Omi tí a fi fọ ìtẹ̀lé-ìdí ọmọ kò sí lára rẹ̀, sọkawéè ni ti ìyẹn. Sọkawéè fúnra rẹ̀ kó jìnnà sí kànga tó mítà 30, tiyín àti ti aládùúgbò.

Bí igi obì àtijọ́ bá wà lórí ilẹ̀ tí ẹ rà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gé e. Nínú oko obì ni ọ̀pọ̀ ilé tí ń bẹ ní Rẹ́mọ lónìí hù sí. Abẹ́ rẹ̀ tó ṣókùnkùn tí tẹ̀tẹ̀ kò lè hù ni ẹ̀fọ́ worówó ń fẹ́. Kókò náà ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹni tó bá sì ní kókò lẹ́yìnkùlé ti ní ebìrìpò. Ẹ fi ewé obì tó bá wọ́ sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀.

Igi tuntun, ẹ gbìn ín sí ìwọ̀-oòrùn ilé. Ògiri ìhà yẹn ni oòrùn ọ̀sán ń jó, òun ló sì ń mú kí yàrá gbóná títí di òru. Ìbẹ́pẹ mẹ́ta nínú ihò kan: nígbà tí wọ́n bá yọ òdòdó, ẹ fi èyí tó máa so sílẹ̀, ẹ gé akọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ dára ní etí fẹ́ǹsì torí ẹ̀gún rẹ̀. Máńgòrò kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà mẹ́jọ, àgbọn kò sì gbọdọ̀ wà níbi tó ti lè jábọ́ sórí páànù tàbí sórí ọmọ.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn tó máa bá yín jẹ ẹ́

Ewúrẹ́ ni àkọ́kọ́. Kò sí oògùn rẹ̀ ju fẹ́ǹsì lọ. Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ihò kí ẹ tó fọ́n irúgbìn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Tata aláràbarà, èyí tó máa ń jẹ ẹ̀gẹ́ tán pátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń kó ẹyin rẹ̀ pamọ́ sínú ilẹ̀ abẹ́ ibòòji nígbà àkọ́rọ̀. Ẹyin náà kì í pa títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n péjọ sí ojú kan lábẹ́ igi lóṣù kẹta tàbí kẹrin, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀, kò ní jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Oòrùn àti adìẹ á parí rẹ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá jọ ṣe é, èrè rẹ̀ pọ̀ jù.

Fún àwọn iná ewébẹ̀ (kòkòrò wẹ́wẹ́ bí iná orí) àti kòkòrò tó ń lu ihò sí ewé, ẹ gún ewé dogoyaro tó kún abọ́ ńlá kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú gálọ́ọ̀nù omi kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, kí oòrùn má bàa tètè ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn òjò. Ìgbín, ẹ fi ọwọ́ ṣà á lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣeé sè.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ̀ẹ̀rùn

Bẹ́ẹ̀dì kan tí mo júwe sókè yìí ń mu tó lítà 16 sí 20 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin á mu táǹkì lítà 1,000 tán ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Táǹkì kan kò lè gbé gbogbo ọgbà la oṣù mẹ́ta já, bí ẹ kò bá sì ní kànga, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ẹ̀fọ́ sí lóṣù kejìlá, èyí tó sún mọ́ ilé ìdáná jù. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti èyí tí a fi fọ ẹ̀fọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ bò wọ́n tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́, kí ilẹ̀ lè sinmi. Àwọn igi ata, ẹ bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́, ìdí nìkan, kì í ṣe ewé. Ẹ má dáná sun koríko tàbí ewé. Lọ́jọ́ ọyẹ́, iná kì í dúró síbi tí a dá a sí, ààtàn sì ń dúró de ewé náà.

Oṣù kejìlá náà ni a ń mú irúgbìn sílẹ̀. Ẹ fi ilá méjì tó dára jù sílẹ̀ kó gbẹ lórí igi, ẹ jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta àti ewédú mẹ́ta gbó, ẹ yan ata tó pọ́n jù lọ. Ẹ sá wọn lábẹ́ ibòòji fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bu eérú gbígbẹ sínú ìgò, ẹ pò wọ́n mọ́ ọn, ẹ dé e pinpin, kí ẹ kọ orúkọ àti oṣù sára rẹ̀. Kí ẹ gbé e síbi tútù títí di àkọ́rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ìgò yẹn pamọ́, ẹ gun àkàbà, ẹ gbá ewé inú gọ́tà dànù.